Agolo mílíìkì, oòrùn àti máàpù Ìbàdàn

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnìkan tí ó fẹ́ ṣí ilé àlejò kékeré kan ní Ìbàdàn gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n ya máàpù ìlú náà sára ògiri yàrá ìgbàlejò rẹ̀, kí àwọn tó bá wọ̀ síbẹ̀ lè mọ ibi tí wọ́n wà àti ibi tí wọ́n lè lọ. Iṣẹ́ gíráfíìkì ni mo fi ń jẹun. Káàdì ìgbéyàwó, páálí ọjà, ìwé ètò ìsìnkú àti àmì ilé iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń yà, mo sì rò pé máàpù kan kò lè gbà mí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo mú ìlà àwọn títì láti inú OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá ti jẹ́wọ́ ibi tí ó ti mú un. Mo fi àwọ̀ mẹ́rin kùn ún, mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá kan, mo sì gbé e lọ fi han ìyá mi kí n tó gbé e fún ẹni tó ni iṣẹ́.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n tún fi wọ̀. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ rẹ mọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn dà níbẹ̀?"

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n fi ìka tọ ọ̀nà tí a máa ń gbà láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Wọn kò tilẹ̀ wo pépà náà mọ́. Wọ́n gbé ojú sókè, ọwọ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú afẹ́fẹ́: pé wàá gun òkè, wàá rí àwọn òpó Mápó lókè orí rẹ, wàá máa mí gúlegúle títí wàá fi dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wàá wá máa sọ̀ kalẹ̀, tí òórùn irú àti ẹja gbígbẹ bá sì ti kàn ọ́ nímú, o ti dé ọjà nìyẹn. Òkè, òpó, ilẹ̀ títẹ́jú àti òórùn ni wọ́n fi júwe ọ̀nà náà, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn lórí máàpù mi.

Ẹni tó ni iṣẹ́ gba èyí tí mo yà bẹ́ẹ̀, ó sanwó, ó sì wà lára ògiri rẹ̀ títí di òní. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò lórí bí a ṣe lè ya Ìbàdàn kí ìyá mi tó lè rí i níbẹ̀, mo sì fẹ́ ròyìn díẹ̀ nínú wọn, àtèyí tó ṣe é wò àtèyí tó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Orí orúkọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, ó sì jọ lójú mi pé àwọn tí wọ́n ń sọ àdúgbò rẹ̀ lórúkọ kò ní àsìkò ṣòfò: ibi tí ó bá ga, wọ́n á pè é ní òkè, ibi tí igi ńlá bá wà, wọ́n á pè é ní ìdí igi náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní Òkè Mápó, Òkè Ààrẹ, Òkè Àdó àti Òkè Bọ́là, tí a sì ní Ìdí-Arère, Ìdí-Ìṣin àti Ìdí-Oṣè. Lórí máàpù tí gbogbo ènìyàn ń lò, lẹ́tà lásán ni Ìdí-Ìṣin. Lórí tèmi, mo ya igi ìṣin síbẹ̀, pẹ̀lú èso rẹ̀ pupa tí ó ti là sí mẹ́ta, tí kóró dúdú sì ń yọjú níbẹ̀ bí ojú ẹni tí a jí lójú oorun. Ìdí-Arère gba igi gbọọrọ kan, Ìdí-Oṣè sì gba igi onídìí ràgàjì kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Ìdí-Ìṣin ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́ wà, bí ẹni pé igi náà ni ó ránṣẹ́ pè wọ́n.) Mi ò bìkítà bóyá igi náà ṣì dúró tàbí wọn ti gé e. Nígbà tí mo bi ọkùnrin kan tí ó ń ta káàdì fóònù ní Ìdí-Arère pé níbo ni arère náà wà, ó nàka sí igi máńgòrò kan láìṣiyèméjì, ó ní òun nìyẹn.

Òkè ni ó wá ṣòro. Bí a bá ń wo ilẹ̀ láti òkè bí ẹyẹ, òkè kì í ga, ó máa ń dà bí ilẹ̀ yòókù ni. Bí a bá sì yà á láti ẹ̀gbẹ́ kí ó lè ga, á bo àwọn ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo lo ó kéré tán oṣù méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì wá lọ wo bí àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú mi ṣe ṣe é. Jacopo de' Barbari, ará Ítálì, ya Fẹ́nísì sí ara pákó mẹ́fà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1500. Àwòrán náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta ní fífẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì gòkè nínú bàlúùnù tàbí bàálù nígbà náà, síbẹ̀ gbogbo ìlú náà ni a rí bí ìgbà tí àwòdì bá ń rábàbà lókè wọn: òrùlé, ilé ìjọsìn, ọkọ̀ ojú omi, àní ọ̀pá tí wọ́n fi ń tukọ̀. Ẹsẹ̀ àti ojú ni wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ jọ. Hermann Bollmann, ará Jámánì, tí ó ya àárín gbùngbùn New York ní ọdún 1962, ní fọ́tò tirẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò, àwọn kan láti inú bàálù, àwọn kan láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan tí ó dá ni mo jí gbé. Ó mú kí àwọn títì fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ̀ lọ. Bí ó bá yà wọ́n bí wọ́n ṣe rí, òrùlé nìkan ni à bá máa rí, àwọn ilé gíga náà ì bá sì bo ara wọn lójú.

Èmi náà la àwọn ọ̀nà tóóró ní agbègbè Bẹẹrẹ fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, títí tí ìloro, fèrèsé àti àga oníṣòwò fi rí ààyè jókòó. Láti rí ilẹ̀ tí mo fún Bẹẹrẹ yìí, mo ní láti gbà á lọ́wọ́ ibòmíràn, Ríńgì Ródù ni ó sì jìyà rẹ̀. Títì gbọ̀ngbọ̀n náà wá dín kù di ìlà kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé àwọn tó ní ilé níbẹ̀ kò ní fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi Ríńgì Ródù kọrin.

Olùkọ́ tó wúlò fún mi ju àwọn ará Yúróòpù méjèèjì yìí lọ wà nínú àpótí aṣọ ìyá mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìyẹ́ adìyẹ ni aládìrẹ máa ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún, tí á fi ya ọnà sára aṣọ funfun, kí ó tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún. Ojú mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n pín aṣọ náà sí, lójú kan nínú wọn sì ni ẹ ó ti rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1929, tí ṣíbí sì wà láàrin òpó kan àti èkejì. Òpó àti ṣíbí, òpó àti ṣíbí. Mo tẹ́ aṣọ ìyá mi sílẹ̀ lórí àkéte, mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì fi ojú tọ ọwọ́ obìnrin tí ó yà á. Ní igun kan, òpó márùn-ún ni ó yà, ní igun kejì, ẹ̀kọ ti fẹ́ tán lára ìyẹ́ rẹ̀, ó sì ya mẹ́rin, ó fi ṣíbí gbọọrọ kan dí àyè tó ṣẹ́kù. Kò ya títì kankan. Kò sọ fún wa bí Mápó ṣe jìnnà sí Dùgbẹ̀ tó. Ohun tí ènìyàn ń rí bí ó bá gbójú sókè ni ó yà, ó sì fi ti oúnjẹ ha àárín rẹ̀.

Láti ara aṣọ yìí ni mo ti rí ètò tí mo ń lò títí di ìsinsìnyí. Mo dẹ́kun àtiya ìlú náà bí ohun kan ṣoṣo tí a ń wò láti ibì kan ṣoṣo. Mo pín in sí ojú mẹ́rìndínlógún, mo sì jẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a ti ń wò ó: a ń wo Mápó láti ìsàlẹ̀, a ń wo Dùgbẹ̀ láti orí Ilé Kòkó, a ń wo Mọ́kọ́lá láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tí gọ́sílóò mú, a sì ń wo odò Ògùnpa láti ẹ̀bá omi, níbi tí ẹni tó bá rántí omíyalé ọdún 1980 á ti máa wò ó. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tí ó ní kò yé òun. Àwọn ènìyàn ń kọjá láti ojú kan sí èkejì bí ẹni ń ka aṣọ lójú ọjà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn bẹ́ẹ̀. Mo rántí oríkì ìlú wa tó pè wá ní ọmọ a-jẹ-ìgbín-yó, tó ní à ń fi ìkarahun fọ́rí mu, mo sì sọ fún ara mi pé màá ya Ìbàdàn bí ìkarahun ìgbín, kí Mápó wà ní àárín, kí àwọn àdúgbò yòókù máa lọ́ yí i ká títí dé ìgbèríko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yà á, ó rẹwà gan-an, kò sì wúlò fún ohunkóhun, nítorí nígbà tí ìlà náà lọ́ débi tí ó lọ́ dé, Ọ̀jọ́ọ̀ di aládùúgbò Chálẹ́ńjì. Àbúrò mi, tí ó ti wa míkírà nílùú yìí rí, wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ọkọ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn." Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi báyìí.

Fọ́tò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an, nítorí òun ni ó gba àsìkò mi jù. Kí n tó lè ya ilé kan sórí máàpù, mo ní láti mọ bí ó ṣe rí, nítorí náà mo gun Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Ààrẹ ní ọdún 1936 ní ìrántí Kápútéènì Bower, òyìnbó tó ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn nígbà kan, mo yí po yí po lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ títí mo fi dé òkè, mo sì fi fóònù ya gbogbo ohun tí ojú lè rí. Mo ya ohun tó lé ní irinwó fọ́tò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí mo délé tí mo wò wọ́n, páànù dídógùn-ún, wáyà iná, táǹkì omi àti pátákó ìpolówó ni ó kún inú gbogbo wọn, ohun gbogbo sì ṣe pàtàkì bákan náà. Kámẹ́rà kò mọ ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀.

Èyí ni ó jẹ́ kí n máa wá ọ̀nà mìíràn láti ya fọ́tò. Ìgbà kan wà tí mo fi iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere ṣe àwòkọ́ṣe. Bàbá yìí ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn níhìn-ín ní àwọn ọdún 1950, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n ni nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò irun dídì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà láti ọdún 1968, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn orí ni wọ́n yà jù, láìsí ojú. Ẹni tó bá wo ṣùkú nínú fọ́tò wọn yóò rí i pé ojú irun náà dà bí títì, oríta ló wà níbi tí ìlà bá pàdé. Mo ní bí ẹ̀yìn orí bá lè sọ ohun tó pọ̀ tó báyìí, ẹ̀yìn ilé ńkọ́? Mo wá ń lọ káàkiri ẹ̀yìnkùlé: ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ibi tí ìkòkò dúdú wà, ògiri tí wọn kò rẹ́ nítorí pé àlejò kì í débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ rí lórí máàpù mi, ẹ̀yìn wọn ni mo kọ sí yín.

Ṣùgbọ́n agolo tí mo sọ di kámẹ́rà ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí a ṣe ń ṣe é kò ṣòro. Ẹ wá agolo mílíìkì tí ó ti ṣófo, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kùn ún ní dúdú nínú. Ẹ gé ihò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lẹ páànù fẹ́lẹ́ tí ẹ gé lára agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́ ojú ihò náà, kí ẹ sì fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lu ihò tí kò tó ìlàjì mìlímítà sára rẹ̀. Nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀, ẹ ká pépà fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun sínú agolo náà kí ó dojú kọ ihò, ẹ de ìdérí rẹ̀, ẹ fi téèpù dúdú dì í pinpin. Kò sí lẹ́ǹsì, kò sí bọ́tìnnì. Ẹ so ó mọ́ ibi tí kò ti ní mì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Oṣù mẹ́fà yìí ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́. Ohun tó bá ń rìn kò lè dúró pẹ́ tó kí pépà náà rí i. Ènìyàn, ọkọ̀, ewúrẹ́, aṣọ tí wọ́n sá, gbogbo wọn kọjá lọ láìfi àmì kankan sílẹ̀. Ohun tó bá dúró nìkan ni ó kù: òkè, òrùlé, òpó. Oòrùn nìkan ni ó ń rìn tí ó sì hàn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára débi pé ó ń fa ìlà sára pépà bí ó ṣe ń kọjá, ìlà kan fún ọjọ́ kan.

Agolo mẹ́fà ni mo so kọ́ káàkiri ìlú ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá, mo sì pinnu pé ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ni màá já wọn. Ìjì oṣù kẹrin gbé ọ̀kan lọ. Omi òjò wọ inú èkejì, pépà rẹ̀ sì di ohun tí ìdin ń gbé. Ẹ̀kẹta ni mo so mọ́ òpó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè Ààrẹ níbi tí ọ̀rẹ́ mi háyà yàrá sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ mi pè mí lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní kí n máa bọ̀ kíákíá. Nígbà tí mo débẹ̀, Bàbá onílé jókòó sí ìloro, agolo náà wà lórí ilẹ̀ níwájú wọn, wọ́n sì ti bu iyọ̀ yí i ká.

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn kò ní kí n dìde.

Wọ́n ní, "Ta ni o fẹ́ kó mú?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe ààlè. Fọ́tò ni mo fi ń yà."

"Agolo mílíìkì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n wo agolo náà, wọ́n wò mí, wọ́n sì bi mí pé fọ́tò ta. Mo ní ti oòrùn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó sọ pé ayé ti bàjẹ́ ju bí àwọn ti rò lọ, pé kí n gbé agolo mi, kí n má sì jẹ́ kí àwọn rí i mọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí a bá fi okùn so kọ́ sí ilé onílé, tí a dì pinpin, tí ó ní ihò kan ṣoṣo bí ojú, kí ni à bá pè é bí kò ṣe ààlè?

Agolo mẹ́ta ni mo rí já. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí mo kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn láti ẹ̀gbẹ́ Mápó, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe. A kì í fi kẹ́míkà fọ pépà náà. Oòrùn fúnra rẹ̀ ti kùn ún, a kàn ní láti fi sikánà gbé e sínú kọ̀ǹpútà kíákíá kí ìmọ́lẹ̀ tó bà á jẹ́, kí a sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Òkè wà nísàlẹ̀, ó dúdú, òrùlé sì fà tẹ̀lé ara wọn bí eyín ayùn. Lókè wọn ni ìlà oòrùn ti kún ojú ọ̀run, ó tò gẹ́gẹ́ bí ojú òòyà. Nísàlẹ̀ apá kan, níbi tí oòrùn ti yọ ní àkókò ọyẹ́, ìlà náà ṣú nítorí eruku. Lápá kejì, ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, ó já níbi púpọ̀, gbogbo ibi tí ó sì já ni ìkùukùu ti bo oòrùn lójú. Mo lè fi ìka tọ́ ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí n jáde.

Ohun kan wà tí irú fọ́tò báyìí tí wọ́n yà ní Yúróòpù kò ní. Lọ́hùn-ún, oòrùn kì í dé àtàrí, apá gúúsù ni ó máa ń wà ní ọ̀sán, ìlà rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ bí ọrun. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dìgírì 7.4 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn máa ń dúró gan-an lórí wa ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin àti ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, tí ó bá sì ń yọ, ó ń gòkè tààrà ni. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹfà, ibi tí ó ti ń yọ máa ń ṣí kúrò láti gúúsù lọ sí àríwá ní ìwọ̀n bíi dìgírì 47. Ìlà oòrùn ni a máa ń pe ìhà yẹn nínú èdè wa. Nínú agolo mi, ó di ìlà lóòótọ́, bí èyí tí olóòlà kọ, bíi ọgọ́sàn-án ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Mo yọ ọfà tí a fi ń tọ́ka sí àríwá kúrò lórí máàpù mi, mo sì fi ìlà wọ̀nyí rọ́pò rẹ̀ lókè ojú mẹ́rin àkọ́kọ́. Àwọn òkè tó wà lórí máàpù náà, láti ara òjìji tó wà nínú agolo ni mo ti dà wọ́n kọ. Nígbà tí ìyá mi rí i, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n."

Mo fẹ́ kí máàpù náà wà lára aṣọ, nítorí ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí oòrùn náà tẹ̀ ẹ́. Sir John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá irú ìtẹ̀wé yìí, tí wọ́n ń pè ní cyanotype, rí ní ọdún 1842, Anna Atkins sì fi ṣe ìwé ewé inú òkun láti ọdún 1843. Gíráàmù 25 ferric ammonium citrate nínú omi mílílítà 100, gíráàmù 10 potassium ferricyanide nínú omi mílílítà 100 mìíràn, a ó da méjèèjì pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun aṣọ olówùú níbi tí oòrùn kò dé, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó tẹ́ àwòrán tí a tẹ̀ sórí ọ̀rá lé e, a ó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, ó di ìta. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti tó fún mi. Nígbà òjò, mo ti dúró fún ìdajì wákàtí rí. Omi lásán la fi ń ṣan án, àwọ̀ búlúù tó bá sì jáde jọ ti aró débi pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ta ni ó bá mi rẹ ẹ́.

Wọ́n jọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Mo mọ èyí ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, tí ó kó aṣọ méjì tí mo sá sílẹ̀, tí ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní, tí ó sì tún sá wọn padà. Mo bá Mápó àti Dùgbẹ̀ nígbà tí mo dé, wọ́n ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ẹ̀wà, búlúù wọn ti lọ. Omi eérú ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, agbára eérú yìí ni ó sì ń pa irú búlúù tèmi. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé omi eérú yìí kan náà ni alaró máa ń sẹ́ kí elú rẹ̀ tó lè di aró. Ohun tí ó ń bí tiwọn ni ó ń pa tèmi. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ ọ́ sí etí gbogbo aṣọ tí mo bá tà pé ẹ má fi ọṣẹ kàn án.

Ó ku àwọn ohun tí kò sí mọ́. Àwọn onífọ́tò wa àtijọ́ ní ọgbọ́n kan fún ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn bá ti lọ: wọ́n á ya èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n á tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, ìbejì á sì pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń tẹ ojú Ìdí-Arère. Mo ya ibi tí ọkùnrin oníkáàdì nàka sí, mo lọ ya arère tòótọ́ nínú igbó kan lẹ́yìn ìlú, mo sì tẹ méjèèjì lé ara wọn lórí aṣọ kan. Ẹ rí igi náà, ẹ sì rí òpó iná àti ṣọ́ọ̀bù láàárín igi náà.

Ní oṣù tó kọjá, mo tẹ́ gbogbo ojú mẹ́rìndínlógún náà sílẹ̀ ní ìloro ilé tí ọ̀rẹ́ mi ń gbé ní Òkè Ààrẹ, nítorí níbẹ̀ ni mo ti rí àyè tó fẹ̀ tó. Bàbá onílé jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bá mi jà lé lórí ni Ilé Kòkó, tí mo yà gíga ju Mápó lọ. Mo ní àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, sà, mítà 105 ni. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún mítà, inú kòtò ni wọ́n kọ́ ọ sí, pé láti ìloro àwọn yìí, Mápó ni àwọn ń rí kí ọdún 1965 tí wọ́n parí rẹ̀ tó dé, Mápó náà ni àwọn ṣì ń rí. Mo wo ọ̀ọ́kán. Òótọ́ ni. Mo pa Ilé Kòkó rẹ́ dé ìdajì.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìdí ọ̀pá kan Òkè Ààrẹ, wọ́n bi mí pé kànga bàbá àwọn dà. Mo fún wọn ní pẹ́ńsù. Wọ́n fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ya òbìrìkìtì kan, wọ́n tún ya ọ̀kan sínú rẹ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n fa ìlà kúkurú kan láti ibẹ̀ dé ẹnu ilé. Wọ́n wò ó, wọ́n wá wo igun òpó tí mo so nǹkan mọ́ nígbà yẹn.

"Agolo rẹ ńkọ́?" ni wọ́n wí. "O ò fi síbẹ̀."

Mo ya agolo kékeré kan sí ara òpó náà. Wọ́n ní kí n má gbàgbé ihò rẹ̀.